Ìbúra àti Òtítọ́ Ọ̀rọ̀

Àwọn baba wa kò fi ìbúra ṣeré. Bí a bá tú ọ̀rọ̀-ìṣe náà, búra, palẹ̀, ohun tí ó ṣeé ṣe kí a bá nínú rẹ̀ ni bú àti ara: ẹni tí ó búra ti bú ara rẹ̀, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi lé ara rẹ̀ lórí bí ó bá jẹ́ pé irọ́ ni ó ń pa. Èpè tí a fi pamọ́ ni ìbúra, òtítọ́ sì ni agadagodo tí a fi tì í. Inú agboolé kan náà ni ó ń gbé pẹ̀lú èpè, ẹ̀jẹ́ àti ìmùlẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Ẹlòmíràn ni a sábà máa ń ṣẹ́ èpè fún. Ohun tí a óò ṣe ní ọjọ́ iwájú ni a ń fi ẹ̀jẹ́ sọ. Ìmùlẹ̀ sì ni ti ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n fi Ilẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí láàrin ara wọn. Láti ara èyí ni a ti rí ọ̀dàlẹ̀, orúkọ tí a ń pe ẹni tí ó da Ilẹ̀, tí àwọn àgbà fi ní ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí ìbúra fi máa ń wá pẹ̀lú ohun kan tí ojú rí, tí ọwọ́ sì kàn. Ẹnì kan a fi ẹnu kan irin, nítorí Ògún. Ẹlòmíràn a fọwọ́ kan ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, Ayélála ni wọn yóò pè. Mo ti ronú lọ́pọ̀ ìgbà lórí ìdí tí irin fi gbajúmọ̀ ju ìyókù lọ. Ọ̀bẹ inú ilé ìdáná, ọkọ́ àgbẹ̀, ìbọn ọdẹ, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí ìrìnàjò, ti Ògún ni gbogbo wọn. Ẹni tí ó fi irin búra èké kò ní ibi ìsásí, nítorí kò sí ọjọ́ kan nínú ayé rẹ̀ tí irin kò ní sí nítòsí rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni. Àwọn tí ó gbé e kalẹ̀ mọ̀ pé ahọ́n ènìyàn kò ní eegun, pé ó lè yí síhìn-ín kí ó yí sọ́hùn-ún, wọ́n sì wá ohun líle kan tì í.

Sínú irú ayé báyìí ni ẹ̀kọ́ Jésù lórí ìbúra dé, ó sì ṣòro fún wa láti gbà á bí ó ti wà. Nínú orí karùn-ún Ìhìnrere Mátíù, láti ẹsẹ 33 dé 37, Jésù rán àwọn olùgbọ́ rẹ̀ létí pé òfin àtijọ́ lòdì sí ìbúra èké, ó sì ní kí a san ẹ̀jẹ́ tí a bá jẹ́ fún Olúwa. Lẹ́yìn èyí ni ó wá kọjá ibi tí òfin dé. Ó ní kí ọmọ-ẹ̀yìn òun má tilẹ̀ búra rárá: ìbáà ṣe ọ̀run, ìbáà ṣe ayé, ìbáà ṣe Jerúsálẹ́mù, ìbáà ṣe orí ara rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni dúró lórí bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹni tí ó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́ dúró lórí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí ó bá lé lórí èyí, ọ̀dọ̀ ẹni ibi ni ó ti wá. Jákọ́bù tún ọ̀rọ̀ náà sọ nínú ìwé tirẹ̀, orí karùn-ún, ẹsẹ 12, ó sì fi ìkìlọ̀ ìdájọ́ kún un.

Kí ló dé tí Jésù fi ka nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan? Orí kẹtàlélógún ìwé kan náà tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn olùkọ́ òfin wí nítorí pé wọ́n ti sọ ìbúra di ohun tí a ń gbé lé òṣùwọ̀n. Wọ́n ní bí ẹnì kan bá fi tẹ́ḿpìlì búra, kò dè é. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi wúrà inú tẹ́ḿpìlì búra, ó ti kó sí i. Wọ́n ní pẹpẹ kò tó nǹkan, ọrẹ tí ó wà lórí pẹpẹ ni ó le. A lè rẹ́rìn-ín wọn, ṣùgbọ́n kí a tó rẹ́rìn-ín tán, ẹ jẹ́ kí a wo ara wa. Ṣé a kò mọ ẹni tí yóò máa pariwo pé Ọlọ́run ń gbọ́, tí yóò sì fà sẹ́yìn bí a bá ní kí ó fi ẹnu kan kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀? Ṣé a kò mọ ẹni tí ń fi ikú ìyá rẹ̀ búra, tí ìyá náà sì ti wà nínú sàréè láti ọdún mẹ́wàá? Níbi tí ìbúra bá ti pé oríṣi méjì, èyí tí ó le àti èyí tí ó rọ̀, ọ̀nà ni a ti la sílẹ̀ fún èké.

Bí mo ti yé ẹ̀kọ́ náà sí nìyí: ẹni tí ó bá ń búra kí a tó gbà á gbọ́ ti pín ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sí àká méjì. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbúra wà nínú ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ọjọ́ lásán wà nínú èkejì. Bí ó bá wá ní, “Mo búra, òtítọ́ ni mo ń sọ,” ó yẹ kí a bi í léèrè pé kí ni ó ń sọ láti àárọ̀. Àká kan ṣoṣo ni Jésù ní kí a ní. Ẹ̀kọ́ náà kò sì ṣàjèjì sí wa pátápátá, nítorí àwọn àgbà tí ó ní amòòkùn jalè, bí ọba ayé kò rí ọ, ti òkè ń wò ọ́, mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí a ń sọ lẹ́yìn Ọlọ́run. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ni a ti sọ níwájú ẹlẹ́rìí. Kí ni a tún ń pe ẹlẹ́rìí sí?

Ìjọ fúnra rẹ̀ kò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí ó ní ìbúra kò burú ní ẹsẹ̀ tí wọ́n dúró lé. Pọ́ọ̀lù pe Ọlọ́run ní ẹlẹ́rìí nínú ìwé rẹ̀ sí àwọn ará Róòmù, àti sí àwọn ará Kọ́ríńtì, àti sí àwọn ará Gálátíà. Ìwé Hébérù, orí kẹfà, sọ pé Ọlọ́run pàápàá búra fún Ábúráhámù, ó sì fi ara rẹ̀ búra nítorí kò sí ẹni tí ó tóbi jù ú lọ. Nígbà tí Káyáfà fi orúkọ Ọlọ́run alààyè gún Jésù lẹ́nu pé kí ó sọ bí òun bá ni Kírísítì, Jésù dá a lóhùn. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, tí ó kọ ìwé kan lórí irọ́ pípa ní nǹkan bí ọdún 395, gbà pé ìbúra òtítọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé etí ọ̀gbun ni ẹni tí ń búra ń rìn, àti pé ẹni tí kò búra rárá ni ó jìnnà jù sí ìbúra èké.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà bí a ti sọ ọ́. Ní ọdún 1527, àwọn Anabaptist tí wọ́n pàdé ní Schleitheim kọ ọ́ sínú ìwé ìgbàgbọ́ wọn pé àwọn kò ní búra. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Fox àti àwọn tí a ń pè ní Quaker kọ̀ láti búra ní kóòtù, wọ́n sì kọ̀ láti búra ìtẹríba fún ọba. Òfin ọdún 1662 sọ kíkọ̀ yìí di ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń jẹ ẹnì kan níyà fún. Adájọ́ tí kò bá rí ẹ̀sùn mìíràn kà sí wọn lẹ́sẹ̀ yóò kàn ní kí wọ́n búra, bí wọ́n bá sì ti kọ̀, ẹ̀wọ̀n yá. Ọ̀pọ̀ wọn pàdánù ilé àti ọjà. Nígbà tí ó di ọdún 1696, ìjọba yọ̀ǹda fún wọn láti máa fi ẹnu lásán jẹ́rìí dípò ìbúra, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tíì gbà á fún wọn nínú ẹjọ́ ọ̀daràn. Òfin ọdún 1888 ni ó wá fún gbogbo ènìyàn ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe nítorí ẹ̀sìn, ìbáà ṣe nítorí àìní ẹ̀sìn. Òfin-ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ ní ọdún 1787 ti fi àyè méjèèjì sílẹ̀ ṣáájú ìyẹn, Franklin Pierce sì lo àyè náà nígbà tí ó di Ààrẹ ní ọdún 1853.

Àwọn tí ó mú ìhìnrere wá sí ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn Fox. Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842. Townsend àti Àjàyí Crowther ti ìjọ C.M.S. sì fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Nínú ìlànà ìgbàgbọ́ mọ́kàndínlógójì ti ìjọ Áńgílíkà, èyí tí ó kẹ́yìn gbà kí Kírísítẹ́nì búra bí aláṣẹ bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òtítọ́. Ìlànà àwọn Mẹ́tọ́díìsì náà sọ bákan náà. Nítorí náà, àwọn òyìnbó kò wá fi òpin sí ìbúra láàrin wa. Wọ́n kàn fi Bíbélì dípò irin ni. Nígbà tí kóòtù ìjọba sì dé, mẹ́ta ni a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: Bíbélì fún Kírísítẹ́nì, Kùránì fún Mùsùlùmí, irin fún ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí yẹ fún àròjinlẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn nǹkan mẹ́ta náà wé ara wọn, wọ́n sì ní Bíbélì ni ó rọ̀ jù. Wọ́n ní Ògún kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ṣùgbọ́n Jésù máa ń dárí jì. Ọ̀rọ̀ àwàdà ni, a sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò, ẹ̀rín yóò kúrò níbẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò bẹ̀rù irọ́. Ìyà irọ́ ni a ń bẹ̀rù. Níbi tí ìyà náà bá ti pẹ́ kí ó tó dé, irọ́ di ohun tí a lè rà ní àwìn. Àánú Ọlọ́run, tí ó yẹ kí ó mú wa tijú, ni a sọ di ihò tí a ń gbà sá lọ. Òfin ìjọba kò sì fi ojú kan náà wò ó: nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni ó wà fún ẹni tí ó bá jẹ́rìí èké ní kóòtù, ohun yòówù tí ó fi búra. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ni a mọ̀ tí ó ti ṣe irú ẹ̀wọ̀n yìí?

Ẹnì kan wà tí mo mọ̀ tí ó kọ̀ láti búra, ìyá mi sì ni. Aláṣọ ni wọ́n, wọ́n sì jẹ́ akápò ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ wa fún ọdún mọ́kànlá. Ní ọdún 1987, nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, owó ìkórè dín. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ka owó náà, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí nínú yàrá tí àlùfáà ti ń wọ aṣọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé tí wọ́n kó o dé báńkì, ₦640 ti dín níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́fà ni ọwọ́ wọn kan àpótí náà tàbí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọ pe ìpàdé, wọ́n sì ní kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi Bíbélì búra. Ẹni márùn-ún búra. Baba kan tí ó jókòó lẹ́yìn kùn pé Bíbélì ní sùúrù jù, ó sì mú àdá jáde láti inú àpò tí ó gbé wá láti oko. Kò sí ẹni tí ó bá a wí.

Ìyá mi dìde, wọ́n kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, wọ́n sì ní: “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń bá yín pa owó mọ́, ẹ kò ní kí n búra rí kí ẹ tó gba iye tí mo bá pè fún yín. Mo ní n kò mú un. Bí ọ̀rọ̀ mi kò bá tó, kí ni irin yóò fi kún un? Ìwé ìṣirò nìyí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀.” Wọ́n gbé ìwé náà àti kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, wọ́n sì jókòó.

Ẹni tí ó bá mọ ìlú kékeré yóò mọ ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá kọ̀ láti búra ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi lójú ayé. Bàbá mi bẹ̀ wọ́n nílé pé, “Ìyá Bọ́lá, kí ni ó wà níbẹ̀? Búra kí ọ̀rọ̀ tán.” Ẹ̀gbọ́n wọn wá láti ìlú kejì nítorí rẹ̀. Àwọn oníbàárà kan yà lọ sí ìsọ̀ mìíràn. Èsì kan ṣoṣo ni ìyá mi ń fọ̀: wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí Olúwa sọ kò ṣòro láti yé, ó kàn ṣòro láti ṣe ni. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, wọ́n lọ jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń jókòó tẹ́lẹ̀.

Owó náà kò jáde, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ́wọ́ títí di òní. Bóyá ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tí ó búra ni ó mú un. Bóyá kò sí ẹni tí ó mú un, tí ó jẹ́ pé wọ́n ṣì í kà ní ọjọ́ Àìkú. Ìbúra kò fi èyí hàn wá. N kò sì fẹ́ kí òǹkàwé rò pé mò ń sọ pé ẹni tí ó bá kọ̀ láti búra kò lè jẹ́ olè. Ó lè jẹ́ olè, ó sì lè fi ẹsẹ Bíbélì bo ara rẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ yàtọ̀ sí ìyẹn. Àwọn ènìyàn tí ó mọ ìyá mi, tí ó ti rà á lọ́wọ́ wọn, tí ó ti tà á fún wọn, tí ó ti fi owó pamọ́ sí wọn lọ́wọ́ láìgba ìwé, fi irin wọn ìwà wọn, wọ́n sì ní irin ni ó wúwo jù. Ohun tí ó tún ọ̀rọ̀ owó ìjọ náà ṣe níkẹyìn kì í ṣe ìbúra. Láti ọdún tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n ti ní kí ẹni mẹ́ta máa ka owó pọ̀ níwájú ìjọ, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé kí àpótí tó kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yẹ kí ó rí ṣáájú kí a tó gbé àdá wọ ilé Ọlọ́run.

Ìbúra tún ní ewu mìíràn: ó lè de ènìyàn mọ́ ibi. Hẹ́rọ́dù búra fún ọmọbìnrin tí ó jó níwájú rẹ̀ pé ohunkóhun tí ó bá béèrè ni òun yóò fún un. Orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni ó béèrè, ọba náà sì bẹ́ ẹ nítorí ìbúra rẹ̀ àti nítorí àwọn tí ó bá a jókòó. Jẹ́fútà jẹ́ ẹ̀jẹ́ ogun, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó kọ́kọ́ jáde wá pàdé rẹ̀. Àwa náà ní Olúrónbí, tí ó ṣèlérí ọmọ rẹ̀ fún Ìrókò nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣèlérí ewúrẹ́ àti àgùntàn. Àwọn ìtàn wọ̀nyí kò jìnnà sí wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ń kó ọmọbìnrin lọ ṣe iṣẹ́ aṣẹ́wó ní ilẹ̀ Yúróòpù ti ń mú wọn lọ sí ojúbọ láti búra pé wọn kò ní sá, wọn kò ní tú àṣírí, wọn yóò sì san gbèsè. Ìbẹ̀rù ìbúra yìí ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí ó dè wọ́n. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti ìlú Bìní kó àwọn aláwo jọ sí ààfin, ó sì tú gbogbo irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ká. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọba ni ó ṣí ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu aláwo tì. Ẹ ò rí i pé agbára ìbúra kò mọ ẹni rere yàtọ̀ sí ẹni búburú; ẹni tí ó bá gbá a mú ni ó ń ṣiṣẹ́ fún.

Ṣùgbọ́n kíkọ ìbúra sílẹ̀ nìkan kọ́ ni ẹ̀kọ́ náà. Apá kejì rẹ̀, òtítọ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ni ó wúwo jù, ibẹ̀ ni ó sì ti kan àṣà wa gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn Quaker kì í ná ọjà. Iye tí wọn yóò gbà ni wọ́n ń pè, nítorí wọ́n ní ẹni tí ó pe iye tí kò ní lọ́kàn láti gbà ti purọ́. Kí ni a óò wá sọ nípa àwọn ìyá wa ní Dùgbẹ̀ àti ní Ọjà Ọba? Ṣé òpùrọ́ ni gbogbo wọn?

N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń tà mọ̀ pé iye àkọ́pè kì í ṣe iye ìparí, ẹni tí ń rà náà mọ̀. Kò sí ẹni tí ó tan ẹnì kan jẹ. Iye àkọ́pè dà bí ìkíni, ó ń ṣí ìlẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ni. Ìyá mi náà ń ná ọjà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ná. Ṣùgbọ́n ààlà kan wà tí wọn kì í kọjá. Wọn kì í sọ iye tí wọ́n ra aṣọ bí kò bá jẹ́ iye náà gan-an. Bí oníbàárà bá ní, “Èló ni ẹ rà á?” wọn a ní, “Ìyẹn kò kàn ọ́, ọmọ mi. Èló ni wàá san?” Mo wá rí i lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ibẹ̀ gan-an ni ààlà wà. Nígbà tí aláṣọ bá fọwọ́ lu àyà, tí ó ní, “Ọlọ́run ń gbọ́, n kò jèrè kọ́bọ̀ kan lórí rẹ̀,” ni ìnájà di irọ́. Ìbúra tí ó fi kún un ni ó bà á jẹ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìkíni. Àwọn Quaker ìgbà náà kọ̀ láti lo arọ́pò-orúkọ ọlọ́pọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, ìbáà ṣe adájọ́, ìbáà ṣe ọlọ́lá. Wọ́n ní ìpọ́nni lásán ni, irọ́ sì ni, nítorí ènìyàn kan kì í ṣe méjì. Bí wọ́n bá dé ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n sì pe bàbá arúgbó ní ìwọ, ojú wọn yóò rí nǹkan! Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí a ń pe àgbà kò sọ iye. Ọ̀wọ̀ ni ó ń sọ, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ẹni tí ó gbọ́ èdè wa ṣe ń gbọ́ ọ. Àdàpè náà ńkọ́? Ẹni tí ó ní ọba wàjà kò purọ́, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ tí yóò máa wá ọba lọ sí òkè àjà. Irọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ nìkan. Inú ohun tí a fẹ́ kí ẹlòmíràn gbà gbọ́ ni ó wà.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n yìí kan náà ni ó dá wa lẹ́bi níbòmíràn. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ní kí a wá nǹkan fún òun fi ra obì, obì kọ́ ni ó ń sọ, àdàpè rẹ̀ sì wà láti fi aṣọ bo àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí tẹlifóònù alágbèéká ti dé ilẹ̀ wa ní ọdún 2001, mélòó nínú wa ni kò tíì sọ pé òun ti wà lójú ọ̀nà nígbà tí a ṣì ń wá bàtà lábẹ́ ibùsùn? Nígbà tí a bá sì ní ìwé ọjọ́ ìbí kò sí, a ó gba kóòtù lọ láti búra ọjọ́ orí. Ìlànà tí ó dára ni fún ẹni tí a bí ní abúlé tí kò sí akọ̀wé. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ̀ pé ìwé ìbúra yìí ni àwọn kan fi ń di ọ̀dọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n lè rí iṣẹ́ gbà, tàbí kí wọ́n má baà fẹ̀yìn tì. Àfikún keje òfin-ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ni ìbúra àwọn tí ń gba ipò wà, wọ́n sì ń fi ẹ̀bẹ̀ pé kí Ọlọ́run ran àwọn lọ́wọ́ parí rẹ̀. Bí ìbúra bá lè mú òtítọ́ wá, ilẹ̀ Nàìjíríà ìbá ti kún fún òtítọ́ títí ẹnu bodè.

Mo mọ̀ pé kóòtù kò ní í pa ìbúra tì, n kò sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí a kò bá ti mọ ara wa, a nílò ohun kan tí yóò dúró bí onídùúró. Ṣùgbọ́n mo rò pé àwọn baba wa tí ó fi irin ti ahọ́n, àti Jésù tí ó ní kí a mú irin náà kúrò, ohun kan náà ni ó ń dùn wọ́n: ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni. Àwọn kan wá ohun tí yóò dáàbò bo ẹyin náà. Ẹnì kan ní kí á kọ́ ọwọ́ láti dì í mú. Iṣẹ́ kejì yìí ni ó le jù, kò sì sí kóòtù tàbí ojúbọ tí ó lè bá wa ṣe é. Inú ilé ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ tí a ní kí ó lọ sọ fún àlejò pé a kò sí nílé. Ọmọ náà yóò dàgbà. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó nawọ́ Bíbélì, Kùránì tàbí irin sí i pé kí ó sọ òtítọ́. Ohun tí yóò sọ ní ọjọ́ náà, ọwọ́ wa ni ó ti kọ́ ọ.